Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí. Láti nǹkan bí ogún ọdún tí a ti ń ṣe olùkọ́ ní Kútọnu, òun náà ni a fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. A kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò dá wa lẹ́jọ́, tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ rere rẹ̀ san gbèsè ọ̀rọ̀ tí àwa àgbà fi sílẹ̀ láàbọ̀. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ń dùn mọ́.

Ní ìlú wa, bí a bá dárúkọ «agent», ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ọ̀dọ́ tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn létí títì, tó ń bá ará àdúgbò fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni. A ó sọ ohun tí a fẹ́, òun a sì mọ ibi tí yóò tẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi orúkọ kan náà pe irú ètò kọ̀ǹpútà kan báyìí. Àwa yóò pè é ní aṣojú ẹ̀rọ. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tó jẹ́ pé èsì ọ̀rọ̀ nìkan ló ń fún ni tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó lè jíṣẹ́: ó lè wá ìwé jáde, ó lè kọ orúkọ sínú àkọsílẹ̀, ó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tirẹ̀. Àwa ènìyàn la ń to irinṣẹ́ síwájú rẹ̀, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ètò kékeré tí ẹnì kan kọ.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni pé aṣojú ẹ̀rọ kì í sábà rí inú irinṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ló máa ń rí ní pàtàkì: orúkọ irinṣẹ́, gbólóhùn díẹ̀ tó ń ṣe àpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀, àti àkójọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fún un kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba yìí ni yóò ti pinnu èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI ṣí irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ètò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ Model Context Protocol, kí irinṣẹ́ tí a bá ṣe àpèjúwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè wúlò fún aṣojú ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ ti ń pọ̀ bí ẹrù ọjà Tọ́kpa. Báwo wá ni a ṣe lè mọ àpèjúwe tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Ibẹ̀ ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà máa ń pàdé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Èdè Faransé ni iṣẹ́ wa. A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. A kàn ń jókòó tì wọ́n ni, kí àgbà má bàa ṣàìsí níbẹ̀. Ní ọdún náà, kíláàsì kan fẹ́ lọ sí Kétu láti wo Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí gbogbo ọmọ Yorùbá ilẹ̀ yìí ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá 2.000 fáráǹkì. Wọ́n yan ọmọbìnrin kan ní akápò, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà sì ní àwọn yóò ṣe aṣojú ẹ̀rọ kan tí àwọn òbí lè fi fóònù bá sọ̀rọ̀, tí akápò náà yóò sì máa lò.

Irinṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un. Àkọ́kọ́ ń ka àkọsílẹ̀, ó ń sọ ẹni tó ti san. Èkejì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kan ti san. Ẹ̀kẹta ń fi ìkéde ránṣẹ́. Nígbà tó kan àpèjúwe, wọ́n bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn kọ ọ́, nítorí pé àwa ni olùkọ́ èdè. Inú wa dùn. A ní Yorùbá ni a ó fi kọ ọ́, Yorùbá tó gbámúṣé. Irinṣẹ́ àkọ́kọ́, a sọ ọ́ ní «ìwé_ìdásí», a sì kọ síwájú rẹ̀ pé: «Àkọsílẹ̀ ìdásí àwọn ọmọ kíláàsì.» Èkejì, a sọ ọ́ ní «ìdásí», a kọ pé: «Irinṣẹ́ tó ń rí sí owó ìdásí àwọn ọmọ.» Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní: «Ẹ má bínú, Monsieur, ṣé kò jọra jù?» A rẹ́rìn-ín. A ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ìyàtọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ka owó. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ní ọmọ 31 ti san. Owó tó wà nínú àpótí jẹ́ ti ọmọ 20. Ó ku 22.000 fáráǹkì. A pe akápò sí yàrá olùkọ́. A kò pè é ní olè, ṣùgbọ́n a bi í lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí owó wà, ẹni tí a bá sì bi ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ti mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dé. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó tó yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà jáde, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. «Ẹ jọ̀ọ́, Monsieur, ẹ gbà á. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọmọ mi bàjẹ́.»

A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: «Màmá, ẹ má tíì fún wọn. Monsieur, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ ṣe.»

Ẹ̀rọ náà ní àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí òbí sọ, irinṣẹ́ tó mú, èsì tó fún òbí. A jókòó, a kà á láti òkè dé ilẹ̀. Òbí mọ́kànlá ló ti kọ irú ọ̀rọ̀ kan náà sí i: «Ẹ bá mi rí sí owó ọmọ mi.» Nínú ilé Yorùbá, ta ni kò mọ ìtumọ̀ èyí? Òbí ń béèrè ni bóyá owó náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n aṣojú ẹ̀rọ wo irinṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó rí ọ̀kan tí wọ́n kọ sí lára pé ó «ń rí sí owó ìdásí». Òbí ní kí ó rí sí owó. Irinṣẹ́ ní òun ń rí sí owó. Ó mú un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá pé ọmọ ti san. Ìyá tó bá gba èsì pé «a ti kọ ọ́ sílẹ̀» rò pé bàbá ti san án. Bàbá náà rò pé ìyá ni. Kò sí ẹni tó jí kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ wa ló jí i.

Níwájú kíláàsì ni a ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò rọrùn fún àgbà ní ilẹ̀ wa láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú kíláàsì náà ni wọ́n ti fura sí i, ibẹ̀ náà ló yẹ kí a ti wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó ku ohun tí a ó ṣe sí irinṣẹ́ náà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: «Yorùbá kò ṣeé fi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ fi Faransé kọ ọ́, ó parí.» Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju owó lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbà kọjá ní kékeré, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n á gbé àmì kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì wà níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Kí a tó fèsì, ọmọ akápò náà ní: «Ẹ jẹ́ ká dán an wò.» Gbólóhùn yìí ló kọ́ wa ní ohun tí a mọ̀ lónìí.

Wọ́n kọ ìbéèrè ogún tí òbí lè béèrè, wọ́n sì kọ èsì tó tọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: irinṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ̀rọ mú, kí ni ó yẹ kí ó fi sínú rẹ̀. A kò jẹ́ kí ẹni tó kọ àpèjúwe kọ ìbéèrè, nítorí pé ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ kì í gbọ́ ohun tí òun kò sọ. Àwọn ọmọ náà lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá àti bàbá wọn gan-an, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Yorùbá tó ní Faransé nínú, Faransé tó ní Gun nínú. Wọ́n fi ìbéèrè díẹ̀ sí i tí irinṣẹ́ kankan kò lè dáhùn, bíi: «Ṣé òjò yóò rọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ náà?» Ẹ̀rọ tó bá sọ pé òun kò ní irinṣẹ́ fún èyí ló gbà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìbéèrè mẹ́jọ sínú àpò ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, bí a ti ń ṣe sí ìwé ìdánwò BEPC. Èyí tó kù ni a fi ń tún àpèjúwe ṣe. Ti inú àpò, ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni a ó ṣí i, kí a má bàa kọ àpèjúwe tó mọ ìdáhùn ìbéèrè wa nìkan.

A wá rí i pé ọ̀nà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ní àtẹ ìdánwò kan láti ọdún 2024, Berkeley Function-Calling Leaderboard, tí wọ́n fi ń wò bóyá ẹ̀rọ mú irinṣẹ́ tó yẹ, bóyá ó fi ohun tó yẹ sínú rẹ̀, àti bóyá ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó mú ọ̀kankan. Ẹ̀rọ ni àwọn ń dán wò. Àwa yí ìdánwò náà padà: ẹ̀rọ kan náà, ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n àpèjúwe yàtọ̀. Ẹni tí ìdánwò náà ń fún ní máàkì ni òǹkọ̀wé, àwa nìyẹn.

Oríṣi àpèjúwe mẹ́rin ni a dán wò: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ní Faransé, odindi ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, odindi ọ̀rọ̀ ní Faransé. Nígbà tí a kọ «s'occupe des cotisations», ẹ̀rọ ṣìṣe bó ṣe ṣìṣe ní Yorùbá. Nígbà tí a kọ odindi ọ̀rọ̀, ó jíṣẹ́ dáadáa ní èdè méjèèjì. A kò ní purọ́: ó ṣì ń gbọ́ Faransé díẹ̀ ju Yorùbá lọ, nítorí pé ìwé Faransé tó ti kà pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín èdè méjèèjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo tó wà láàárín ààbọ̀ àti odindi. Ẹlẹgbẹ́ wa wo ìwé náà, ó ní: «Ó dáa. Mo gbọ́.»

Báwo wá ni odindi ọ̀rọ̀ ṣe rí? Irinṣẹ́ kejì tí a pè ní «ìdásí» di «kọ_owó_tó_wọlé», àpèjúwe rẹ̀ sì di èyí: «Lo irinṣẹ́ yìí kìkì nígbà tí akápò bá ti gba owó lọ́wọ́, tó sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kan ti san. Ó ń yí àkọsílẹ̀ padà. Má ṣe lò ó fún òbí tó ń béèrè bóyá ọmọ òun ti san tàbí tó ní kí a bá òun rí sí owó. «Wo_ẹni_tó_san» ni kí o lò fún ìyẹn. Ohun tó ń fẹ́: orúkọ ọmọ ní kíkún, iye owó ní fáráǹkì, nọ́ńbà nìkan, ọjọ́ tí owó wọlé, ọjọ́ ṣíwájú, oṣù tẹ̀lé e, ọdún gbẹ̀yìn.» Kò dùn létí bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń ṣe, ìgbà tó yẹ kí a lò ó, ìgbà tí kò yẹ, irinṣẹ́ tó yẹ kí a yà sí dípò rẹ̀, ohun tó ń gbà, àti ohun tó lè bàjẹ́.

Ọgbọ́n orúkọ yìí ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Ìgbálẹ̀ ni ohun tí a fi ń gbá ilẹ̀. Ìṣáná ni ohun tí a fi ń ṣá iná. Ìbọ̀sẹ̀ ni ohun tí a ń bọ̀ sí ẹsẹ̀. Iṣẹ́ àti ohun tí iṣẹ́ náà kàn ló wà nínú orúkọ. Baba ńlá wa ti mọ bí a ṣe ń sọ irinṣẹ́ lórúkọ kí wọ́n tó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Síbẹ̀, ìgbálẹ̀ kò sọ èyí tí a fi ń gbá inú ilé yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń gbá àgbàlá. Ìyá ló ń sọ ìyẹn fún ọmọ. Àpèjúwe ni ọ̀rọ̀ ìyá náà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn ni a rí kọ́ lẹ́yìn èyí. Èkíní, àpèjúwe máa ń gbó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní orílẹ̀-èdè Benin kúrò ní dígítì 8, ó di 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Irinṣẹ́ tí wọ́n bá kọ sí lára pé dígítì 8 ni òun ń gbà ti di òpùrọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa tún ìdánwò náà ṣe.

Èkejì, àpèjúwe lè purọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Invariant Labs fi hàn pé ẹni ibi lè fi àṣẹ pamọ́ sínú àpèjúwe irinṣẹ́, àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò rí ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń lò ó kò ní kíyè sí, kí ẹ̀rọ lè kó àṣírí rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe fi irinṣẹ́ tí ẹ kò ka àpèjúwe rẹ̀ tán lé aṣojú yín lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta wá láti ẹnu ọmọ tó kọ́kọ́ sọ pé orúkọ méjèèjì jọra. Ó ní: «Monsieur, àpèjúwe kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.» Òótọ́ ni. Bí àpèjúwe ti wù kí ó péye tó, kò sí ìdí tí aṣojú tó ń dá òbí lóhùn fi gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó ń yí àkọsílẹ̀ padà níwájú. Wọ́n mú un kúrò níbẹ̀, wọ́n fi í sọ́dọ̀ akápò nìkan. Kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn ni a ń fi ọ̀rọ̀ tì.

A ti bi ara wa léèrè ìdí tí a fi kọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n kọ. A fẹ́ kí Yorùbá wa gbayì lójú àwọn ọmọ náà, nítorí àmì tí wọ́n gbé kọ́ wa lọ́rùn ní ìgbà èwe. Nítorí náà a kọ ọ̀rọ̀ tó dùn, a gbàgbé ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n iyì èdè kò sí nínú adùn rẹ̀ nìkan. Ó wà nínú kí a lè fi rán ẹni tí kò mọ ilé wa, tí kò mọ ìyá wa, tí kò bá wa jẹun rí, kí ó sì jíṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọlúàbí, nítorí pé àwa àti òun jọ gbé ilé ayé kan náà. Òun ló ń fi ààbọ̀ kejì kún un láti inú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò fi ààbọ̀ kejì kún un, ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí yóò ti mú un wá.

Àwọn ọmọ náà lọ sí Kétu lẹ́yìn oṣù kan, owó wọn pé. Ìyá akápò dá owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Ọmọ náà kò ṣe akápò mọ́. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn, a kò sì bá a jiyàn. Òun ló ń tọ́jú ìwé ìbéèrè báyìí ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irinṣẹ́ tuntun dé, tó ní àpèjúwe rẹ̀ dára, kì í bá a jiyàn. Á kàn ní kí ó jókòó, á ṣí ìwé náà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́: «Ẹ bá mi rí sí owó ọmọ mi.»